Àgọ́ Ẹni Mẹ́rin

Ọdún tí iná ìgbẹ́ jó abà wa lọ́nà Akpassi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé inú mi lè burú. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Bantè ni ilé wa wà, kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Mẹ́tìrì ni gbogbo ìlú ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kéékèèké fi rò pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé náà: bàbá mi, Ìyá Àgbà tó bí i, èmi Bẹnadẹ́ẹ̀tì, àti àbúrò mi Kòlẹ́ẹ̀tì, tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ìyá mi ti kú ní bí ọdún méjì ṣáájú. Láti ìgbà tó ti lọ ni mo ti gba ibi tó fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n gbà á. Kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ wà lọ́rùn mi lórí okùn. Èmi ni mò ń gbé omi ìwẹ̀ bàbá mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, èmi ni mò ń rán bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ bó bá já. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, wọn a ní, "Ìyàwó Mẹ́tìrì, ẹ ti dé?" Mo máa ń ṣe bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé omi mi rù tán, ẹ̀rín ni mo ń rín dé ilé.

Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé náà. Ìpè àdúrà láti mọ́sálásí ẹ̀bá ọjà ló ń ṣáájú, agogo ṣọ́ọ̀ṣì a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn lórí ilẹ̀, tòun ti ikọ́ rẹ̀, tòun ti ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn adìyẹ sọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, odó a máa dún láti ilé dé ilé, nítorí àwọn àgbà wa kì í ka oúnjẹ alẹ́ sí oúnjẹ bí kò bá sí iyán nínú rẹ̀. Bàbá mi a jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, a máa fi báírò pupa sàmì sí ìwé àwọn ọmọ, èmi náà a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá máa ṣa ẹ̀wà. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò pé ayé ti pé, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè fi kún un. Nígbà tí mo wá rí bọ́tìnnì kan lára ẹ̀wù rẹ̀ tí wọ́n fi òwú dúdú rán, mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ. Òwú funfun nìkan ló wà nínú ilé wa. Mo fọ ẹ̀wù náà, mo sá a sórí okùn, mo wá dúró, mo ń wo bọ́tìnnì yẹn bí ẹni ń wo ejò. Savalou ni bàbá mi ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tó wọ ẹ̀wù náà, níbi tó ti lọ ṣe ìpàdé àwọn olùkọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ gbogbo ìgbà tó bá dárúkọ Savalou.

Ìgbà ọyẹ́ ni iná jó. Àwọn ọdẹ ló tiná bọ igbó láti fi lé ẹran jáde, afẹ́fẹ́ sì gbé e dé oko wa. Ọlọ́run ṣàánú wa, ẹ̀gbẹ́ kan péré ló jó nínú àwọn igi kajú wa, ṣùgbọ́n abà wa di eérú, gbogbo koríko tí à bá fi ṣe òrùlé tuntun sì jó mọ́ ọn. Kò sí bí a ṣe lè kọ́ òmíràn títí koríko yóò fi tún ga. Bẹ́ẹ̀ kajú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti pọ́n, yóò já bọ́, bó bá sì ti já, ó di dandan kí a ṣà á lójoojúmọ́, torí pé òjò àkọ́kọ́ ọdún kì í sọ ọjọ́ tí yóò dé, kórò tí òjò bá sì pa tí kò tètè gbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́dọọdún, nígbà ìsinmi Àjíǹde, gbogbo wa la máa ń kó lọ sóko, a ó máa sùn síbẹ̀. Bàbá mi ní kí Ìyá Àgbà dúró sílé lọ́dún yẹn. Ìyá Àgbà ní ọkọ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin àwọn igi náà, pé ọjọ́ tí òun kò bá lè ṣa èso wọn mọ́ ni kí wọ́n tó wá bá òun sọ̀rọ̀ ìjókòó sílé. Ìgbà náà ni bàbá mi sọ pé òun rí nǹkan kan ní Savalou, àgọ́ aṣọ tí àwọn òyìnbó ń gbé lọ sùn nínú igbó, tí wọ́n ń kó wá pẹ̀lú ọjà àlòkù láti òkè òkun.

"Obìnrin kan ló ń tà á," ni ó wí. "Ó mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa."

Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́. Ìyá Àgbà wò ó, ó wo èmi náà, ó wá ní gbogbo wa la jọ máa lọ, pé ẹni tí yóò sùn nínú àgọ́ ló yẹ kó yàn án.

Ọjọ́ Sátidé la wọ tásì lọ sí Savalou, Kòlẹ́ẹ̀tì lórí itan mi. Tántì Rísíkà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Tántì là ń pe obìnrin tó bá ju ẹni lọ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n mo pinnu láti inú ọkọ̀ pé mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni, opó sì ni, kò bímọ fún ọkọ tó kú. Ó ń ta báàsì, aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń fi bo ẹrù orí ọkọ̀, ó sì ń ta àwọn àgọ́ náà ní àgbàlá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ láti rí arẹwà obìnrin. Ohun tó dùn mí ni pé kì í ṣe arẹwà. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́bẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi ti ọkùnrin. Bó bá jẹ́ ẹwà ni, ǹ bá ti mọ ohun tí bàbá mi ń wá kiri, ǹ bá sì ti sọ fún ara mi pé ẹwà kì í pẹ́. Kò sí ohun tí mo lè dì mú lára rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dà bí èyí tí à ń gbọ́ nínú rédíò láti Nàìjíríà, kì í ṣe èdè Ìṣà bíi tiwa, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà kan tó ń sọ èdè Máhì wọlé, ó yí ahọ́n padà bí ẹni yí aṣọ, àwọn méjèèjì sì jọ ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìyá Àgbà fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bi í léèrè ìlú bàbá rẹ̀, ó bi í léèrè ìlú ìyá rẹ̀, ó sì gba àga tó gbé fún un láìjanpata, bẹ́ẹ̀ ni ìyá bàbá mi kì í jókòó sílé ẹni tí kò mọ̀.

Ó ti pa àgọ́ méjì sílẹ̀ dè wá ní àgbàlá. Ọ̀kan tóbi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí erùpẹ̀. Ọ̀kan kéré, ó jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó sì ní fèrèsé róbótó kan tí ojú mi lẹ̀ mọ́.

"Ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀, Mẹ́tìrì," ló sọ fún bàbá mi. "Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi hàn wá bí ilẹ̀ àgọ́ ńlá náà ṣe jẹ́ rọ́bà tó nípọn, tó sì gòkè díẹ̀ lára ògiri yípo bí etí abọ́. "Bó bá rí báyìí, omi tó ń ṣàn nílẹ̀ kò ní rọ́nà wọlé. Òrùlé méjì ló ní. Ti òde ni yóò gba òjò, ti inú ni yóò gba èémí yín. Bí àwọn méjèèjì bá fara kanra, yóò jò. Bí ara ènìyàn tàbí ẹrù bá fara ti ògiri, yóò jò. Ìdí nìyẹn tí àgọ́ fi gbọ́dọ̀ láàyè. Ẹ sì wo ojú ìránṣọ rẹ̀, torí ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni omi ń gbà."

Ó ní kí Kòlẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀ lọ, ó sì da odindi korobá omi lé òrùlé lórí. A gbọ́ ohùn àbúrò mi láti inú lọ́hùn-ún. "Kò jò. Ó gbẹ." Ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà wọlé, ó nàró gbọnrangandan, orí rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Nígbà tó jáde, ó béèrè pé ènìyàn mélòó ló gbà.

"Ẹni mẹ́fà ni wọ́n kọ sí i lára," ni Tántì Rísíkà wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ọ́ ń to ènìyàn bí ẹja inú agolo ni, wọn kò ka ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ mẹ́rin, ti ẹni mẹ́fà ni kí ẹ mú. Ti ẹni mẹ́rin yóò há fún yín."

"Òótọ́ lo sọ," ni bàbá mi wí.

Lo. Kò sọ pé "òótọ́ lẹ sọ." Bàbá mi jẹ́ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ọmọdé pàápàá, kò sí obìnrin kan ní Bantè, ìbáà ṣe ìyá eléwé, tí kì í fi "ẹ" bá sọ̀rọ̀. Ìyá mi nìkan ni mo gbọ́ kó máa pè ní "ìwọ." Mo wo ojú Ìyá Àgbà, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni tí kò gbọ́. Ara mi gbóná. Nínú orí mi, mo ń ka àwa tí a wà nílé: bàbá mi, Ìyá Àgbà, èmi, Kòlẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rin. Obìnrin yìí ló ń sọ pé kí a mú ti mẹ́fà, ó sì ń sọ ọ́ lójú gbogbo wa.

"Àwa mẹ́rin ni," ni mo wí. "Ta ni ẹni karùn-ún?"

Tántì Rísíkà wò mí, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn pé, "Ẹrù yín ni ẹni karùn-ún, ọmọ mi."

"Èmi kì í ṣe ọmọ yín."

"Bẹnadẹ́ẹ̀tì," ni bàbá mi wí. Orúkọ mi nìkan ló pè. Bó bá lù mí, ì bá sàn. Mo bú sẹ́kún, ẹkún náà sì jẹ́ ẹkún gidi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fà yọ láti inú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Mo nawọ́ sí àgọ́ kékeré yẹn, mo ní òun ni mo fẹ́, pé àwọ̀ ewé ni Màmá fẹ́ràn jù nígbà ayé rẹ̀. Ojú bàbá mi yí padà. Ó dúró, ó ń wo àgọ́ méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, bó ṣe máa ń dúró níwájú pátákó ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Tántì Rísíkà pé ti aláwọ̀ ewé la máa mú. Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó ká a, ó dì í dáadáa, ó wá wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì mú àbẹ́là kan bọ̀. Èmi ló fi lé lọ́wọ́. Ó ní kí n fi í ra gbogbo ojú ìránṣọ rẹ̀, nínú àti lóde, kí a tó gbé e lọ sóko, pé ọwọ́ mi kéré, yóò dé kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ bàbá mi kò lè dé. Mo gba àbẹ́là náà. Nígbà tí mo délé, mo tàn án síwájú àwòrán Màmá, mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ọ̀nà Savalou gùn sí i. Mo dúró tì í títí ó fi jó tán. Nígbà tí bàbá mi bi mí bóyá mo ti ra ojú ìránṣọ, mo ní mo ti fi àbẹ́là ra á tán.

Oko yẹn, bí mo bá ń rántí rẹ̀, imú mi ló kọ́kọ́ ń rántí. Èso kajú tó já sílẹ̀ tí oòrùn pa a máa rùn bí ọtí kíkan, eṣinṣin a máa ṣù bò ó, oje rẹ̀ sì máa ń ba aṣọ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọṣẹ kan kò fi lè mú un kúrò. Ìyá Àgbà a bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀, kì í nàró títí oòrùn yóò fi gun orí, a máa yí kórò kúrò lára èso, a máa jù ú sínú agbọ̀n, kó, kó, kó, bí ẹni ń ta ayò. A máa ń sá kórò náà sórí báàsì ńlá kan níwájú àgọ́, bó bá gbẹ, a ó dà á sínú àpò. Inú àgọ́ sì ni àpò ń lọ, nítorí kò síbòmíràn. Ọjọ́ kẹta ni mo ti mọ̀ pé obìnrin yẹn sọ òótọ́. Bàbá mi kò lè nàró nínú àgọ́ náà, ó ń rá wọlé bí ọmọ tí kò tíì rìn. Ìyá Àgbà ń fi ẹ̀yìn wọlé. Ìgúnpá mi wà nínú ìhà Kòlẹ́ẹ̀tì, orí Kòlẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri. Nígbà tí àpò di mẹ́rin, bàbá mi gbé ẹní rẹ̀ jáde lọ sábẹ́ igi, ó ní ooru ń mú òun. Ooru kò mú un. Mo mọ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀, nítorí bí mo bá sọ̀rọ̀, orúkọ obìnrin yẹn ni yóò tẹ̀ lé e.

Òun fúnra rẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án, ó jókòó lẹ́yìn sémì, alùpùpù tí ń gbé èrò. Ó gbé gààrí Savalou wá, wàrà tí wọ́n ti dín, àti ẹ̀wà sísè nínú abọ́ olómorí. Kò wọ inú àgọ́. Ó jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ó sì bá Ìyá Àgbà yí kórò bí ẹni tí wọ́n bí sí oko kajú. Mo ti se ẹ̀wà tèmi fún oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá mi bu tèmi jẹ, ó bu ti obìnrin náà jẹ, ó sì tún bu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kòlẹ́ẹ̀tì lọ jókòó sórí itan Tántì Rísíkà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Mo pè é pé kó wá bá mi fọ abọ́. Ó ní òun ń bọ̀, kò sì wá. Mo fọ abọ́ ẹ̀wà obìnrin náà títí ó fi ń dán, mo bò ó, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti máa lọ.

Òjò ló dá a dúró. Ojú ọ̀run lápá ìlà oòrùn ṣú lójijì, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ewé kajú ya. Gbogbo wa dìde. Kórò tó wà lórí báàsì ju àpò méjì lọ. Bàbá mi ń dà á, Tántì Rísíkà ń di ẹnu àpò mú, èmi sì wà nínú àgọ́, mò ń gba ohun tí wọ́n bá tì wọlé. Ìyá Àgbà wọlé, Kòlẹ́ẹ̀tì wọlé. Àpò kún ẹ̀yìn wa, ó kún ẹ̀gbẹ́ wa. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi, Tántì Rísíkà gbé àpò tó kẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tì í sí mi. Bàbá mi wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́ẹ́. Mo fa àpò náà wọlé, mo wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì dí i.

"Kò sí ààyè mọ́," ni mo wí.

Òótọ́ ni. Kò sí ààyè. Bí mo bá fẹ́, mo lè gbé Kòlẹ́ẹ̀tì sórí itan mi, kí n to àpò kan lé òmíràn, ààyè ẹnì kan ì bá yọ. Tántì Rísíkà náà rí i. Ó wò mí, omi ń ṣàn láti orí ìbòrí rẹ̀ wá sí ojú rẹ̀. Ó yí padà. Ó mú etí báàsì tó ti ṣófo, ó pe bàbá mi, àwọn méjèèjì sì fà á bo àgọ́ náà lórí. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, kò sì sí okùn tí wọ́n lè fi dè é, ni wọ́n bá dúró, wọ́n di etí rẹ̀ mú. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí òjò náà fi dá.

Nínú àgọ́, omi ń gba ojú ìránṣọ wọlé ní ẹ̀gbẹ́ tí báàsì kò bò, tó, tó, tó, sí ọrùn Ìyá Àgbà. Ibi tí àpò fara ti ògiri, ògiri ń sunkún. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ní etí bí abọ́. Omi gba abẹ́ wá bá wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ni mò ń wò. Bí mànàmáná bá kọ, mò ń rí òjìji méjì lára aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn, ọ̀kan ga, èkejì ga díẹ̀ jù ú lọ, wọ́n súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká wọn fi di ọ̀kan. Ariwo òjò kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ mi dínà mọ́ ọn, tí mo sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ìyá Àgbà ń fi ọwọ́ nu omi ọrùn rẹ̀. Kò bá mi wí. Ó kàn sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé, "Inú ló máa ń há, ilé kì í há."

Nígbà tí òjò dá, Tántì Rísíkà ń gbọ̀n. Aṣọ gbogbo wa ti rẹ. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé kí n mú aṣọ tó wà nínú ọ̀rá nídìí àpò mi wá. Ẹ̀rù bà mí, torí mo rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé mo ń gbé e kiri. Ìró Màmá ni, pupa ni, àwọn ẹyẹ kéékèèké funfun wà lára rẹ̀. Mo gbé e fún Tántì Rísíkà. Ó fi bo èjìká rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì béèrè ẹni tó ni ín. Mo wo bàbá mi bó ṣe ń wo aṣọ náà. Mo fẹ́ kó bínú. Kò bínú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ń tún kórò sá, bàbá mi wá bá mi. Ó ní, "Ìyá rẹ kò fẹ́ràn àwọ̀ ewé rí. Ó ní ó máa ń jẹ́ kí òun dà bí aláìsàn."

Mi ò lè gbé ojú mi sókè. Mo béèrè pé kí ló dé tó fi gbà, nígbà tó mọ̀ pé irọ́ ni.

"Mo rò pé bí mo bá gbà fún ọ lẹ́ẹ̀kan, ara yóò tù ọ́," ni ó wí, ó sì lọ mú agbọ̀n.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, sémì kan gbé àgọ́ ńlá aláwọ̀ erùpẹ̀ náà wá láti Savalou. Tántì Rísíkà ló fi í ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n gbé kékeré padà fún òun. Òun fúnra rẹ̀ kò wá. A lo ìyókù ìsinmi nínú àgọ́ yẹn. Òjò rọ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí ẹ̀kán omi kan tó kàn wá. Bàbá mi ń nàró nínú rẹ̀. Àpò wà ní apá kan, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na ẹsẹ̀ wa bó ṣe wù wá, síbẹ̀ ààyè kan ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí a kò mọ ohun tí a ó fi sí i. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, ìpàdé Savalou bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, nígbà tó ṣe, ó tán pátápátá. A gbọ́ pé Tántì Rísíkà ti fẹ́ oníṣòwò kan ní Djougou. Ìyá Àgbà ló mú ìròyìn náà wá láti ọjà. Bàbá mi ń sàmì ìwé lọ́wọ́. Ó sàmì sí èyí tó wà níwájú rẹ̀ tán, ó mú òmíràn. Mo gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà, mo sì ń kọrin.

Mo kọrin yẹn pẹ́, mo sì ti san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo lọ sílé ọkọ. Kòlẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ìyá Àgbà kú sórí ẹní rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Bàbá mi gbé nínú ilé Bantè yẹn nìkan fún ọdún púpọ̀, ó ń fúnra rẹ̀ gbé omi, ó ń jẹun lórí àga abẹ́ máńgòrò láìsí ẹni tí yóò ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá wá kí i, yóò ní ara òun le. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Tántì Rísíkà sí mi rí títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo gbọ́ pé Tántì Rísíkà ti padà sí Savalou, pé ọkọ rẹ̀ ti Djougou ti kú, pé ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Mo lọ wá a. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó ní, "Èyí tí kò fẹ́ àgọ́ ńlá." Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí, pé èmi ni mo lé e lọ́dọ̀ bàbá mi.

"Dìde," ni ó wí. "Ọmọdé kò lè lé mi. Bàbá rẹ wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn. Ó gbọ́ ohun tí o sọ. Mo dúró kó sọ fún ọ pé, 'Bẹnadẹ́ẹ̀tì, sún.' Kò sọ ọ́. Mo ní bóyá ó di ẹ̀yìn òjò. Òjò dá, kò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé yóò máa dúró sínú òjò pẹ̀lú mi ni títí ayé, kò ní lè mú mi wọlé."

Mo jókòó sórí ẹní rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bàbá rẹ rẹ́rìn-ín o, nígbà tí a di báàsì yẹn mú. Afẹ́fẹ́ gba fìlà rẹ̀, ó gbé e kọ́ orí igi kajú, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní òun kò mọ èwo ni òjò, èwo ni ẹkún."

Mi ò gbọ́ kí bàbá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mo wà nínú àgọ́, kò jìnnà sí i ju ìnà apá kan lọ, mi ò sì gbọ́ ọ. Mo bi í pé báwo ni ẹ̀rín náà ṣe rí. Ó gbé orí sókè, ó la ẹnu, ó gbìyànjú láti ṣe é fún mi, ṣùgbọ́n ikọ́ gbà á, ó sì fi ọwọ́ ṣe àmì pé kò ṣeé ṣe. Mo bu omi fún un mu. Mo jókòó tì í títí ó fi sùn, èmi tí ọmọ mi ti bímọ, mo sì ń jowú rẹ̀ gidigidi.